Ọ̀bẹ Tí Iwin Kò Rọ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ Ògún. Kí ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu wú u tán báyìí, kí ẹni tó fẹ́ bu ẹmu tètè bù ú, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí kì í ṣe èyí tí à ń dá dúró láàárín. Bí mo ṣe jókòó yìí, ọdẹ ni mí, mo sì mọ̀ pé irọ́ kò jìnnà sí ètè ọdẹ. Bí ọdẹ bá pa ẹtu nínú igbó, kó tó délé á ti di àgbọ̀nrín, bó bá sì fi máa jókòó ti ẹmu, á ti di ẹfọ̀n. A máa ń fi rẹ́rìn-ín ni, kò sẹ́ni tí í torí rẹ̀ dá wa lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà tó ní egungun nínú, tí í há ẹni tó pa á lọ́fun. Irú rẹ̀ ni Ọdẹ́níran ará Òkè-Ayùn pa. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi, èyí tó kù, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí kò ní ohun kankan láti fi yangàn mọ́.

Ta ni kò mọ Ọdẹ́níran láyé ìgbà náà? Ọkùnrin gàgàrà, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ààfin, ohùn rẹ̀ sì lè lé ìrọ̀lẹ́ padà sí ọ̀sán. Ó pa ẹkùn méjì, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bó bá ń kí ọ kú àárọ̀, á ti fi ẹkùn kan há a láàárín kó tó béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ. Akin ni lóòótọ́, mi ò ní tìtorí àbùkù rẹ̀ fi iyì rẹ̀ pamọ́. Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ, tí àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà lóko lẹ́yìn odò Ayùn. Ògúnrìndé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá kí i, á mi orí, òòlù rẹ̀ ni yóò sì dáhùn.

Lẹ́yìn tí Ọdẹ́níran pa ẹkùn kejì, àbúrò rẹ̀ pinnu láti rọ ọ̀bẹ kan fún un tí irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo agbègbè wa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Abẹ̀bí ìyàwó rẹ̀. Ó rọ irin rẹ̀ títí tó fi lè gé irun, ó fi igi apá gbẹ́ èkù rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbà ló jẹ ẹ́ lọ́jọ́. Ó fẹ́ fi òrùka bàbà de ọrùn èkù, níbi tí ìrù irin ti wọ inú igi, kí igi má baà là. Ó fẹ́ fi bàbà dé ìdí rẹ̀ bí fìlà. Ó sì fẹ́ fi ìṣó bàbà gún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe iṣẹ́ ọ̀hún rí, ẹ jẹ́ n sọ fún yín, bàbà kì í ṣe irin. Bí o bá lù ú díẹ̀, á le gbagidi, á fẹ́ là. O ní láti dá a padà sínú iná kó tún rọ̀, kí o tún lù ú, kí o tún dá a padà, bí ẹni ń tu ọmọ tó ń bínú nínú. Níbi tí Ògúnrìndé ti ń fín ara òrùka náà bí ìpẹ́ ejò ni èérún irin kan ti ta kúrò lórí ìṣó tó fi ń fín in, ó sì bá a lójú òsì. Ojú náà kò ríran mọ́. Nígbà tó jinná, tó funfun bí ẹyin aláǹgbá, Ògúnrìndé padà sídìí iná, ó sì parí òrùka náà.

Ọjọ́ tó gbé ọ̀bẹ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ ju bó ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ dá a padà sínú àkọ̀. Awọ máa ń mu omi mọ́ra, bàbà kò sì fẹ́ omi, kò fẹ́ iyọ̀, kò fẹ́ òógùn. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Bó bá ń ṣú, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú kíkúnná fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá yọ́ ìda oyin díẹ̀ pa á lára. Ẹ má fi iyanrìn ha á o. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ yín á lò ó."

Ọdẹ́níran ní òun ti gbọ́. Kò lè wo ojú funfun yẹn pẹ́. Ó gba ọ̀bẹ, ó dúpẹ́, ó yára lọ.

Kò pẹ́ sí i, àwọn ọdẹ ìlú kejì wá bá wa ṣe ọdún Ògún. Ọ̀kan nínú wọn rí òrùka bàbà náà tó ń kọ mànà nínú oòrùn, ó ní, "Ọdẹ́níran, ta ló rọ èyí?" Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí kò ju orúkọ ẹnì kan lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ẹmu wà nínú rẹ̀, ó sì rò ó pé kò sí ìyanu kankan nínú ọ̀bẹ tí àbúrò ẹni rọ. Ó ní, "Ènìyàn kọ́ ló rọ ọ́. Iwin Igbó Dákẹ́ ni. A jọ wọ̀jà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tí mo dá a, ó fi ọ̀bẹ yìí bẹ̀bẹ̀ ẹ̀mí rẹ̀." Háà! Wọ́n hó yèè, wọ́n gbé e sókè. Láti ọjọ́ náà ni irọ́ ọ̀hún ti ń sanra bí ọmọ tí ìyá àgbà ń bọ́. Lónìí iwin náà á ní orí méjì, lọ́la á ti ní mẹ́rin. Àwọn kan fura, wọ́n panu mọ́, nítorí ta ni yóò wo apẹkùn lójú kó pè é ní òpùrọ́?

Ohun tó sì burú jù ni pé ọ̀bẹ tó ń fi yangàn, kò tọ́jú rẹ̀. Á fi dúńbú ẹran tán, á kó o sínú àkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, á fi kọ́ ara ògiri tí òjò ń rin. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ti Ọdẹ́níran yàtọ̀, àkọ̀ ló ń jẹ ọ̀bẹ rẹ̀ tó ní òun ń gbé iyì kiri.

Nígbà tí Olúọdẹ wa papòdà, gbogbo ọdẹ péjọ láti yan òmíràn, orúkọ Ọdẹ́níran ló sì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àkànjí, Aṣípa wa, arúgbó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣubú sílẹ̀, ló ń darí ìpàdé. Ó ní, "Ọdẹ́níran, mú ọ̀bẹ iwin yẹn wá ká fi ṣe ìbúra." Ọdẹ́níran fà á yọ. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Òrùka tó ń kọ mànà ti di àwọ̀ ewé bí òkúta inú odò, ìṣó kan ti bọ́ sọnù, èkù sì ń mì lọ́wọ́ bí eyín arúgbó. Ògúnrìndé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbé ìbọn kan tó bá ẹnì kan tún ṣe wá. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wo ọ̀bẹ náà, ó sì wo ilẹ̀.

Aṣípa ní, "Olúọdẹ kò lè di ọ̀bẹ tó ń mì mú. Ẹni tó rọ ọ́ ló mọ bí a ṣe ń tún un ṣe. Padà tọ iwin rẹ lọ, kó tún un ṣe fún ọ. A ó dúró dè ọ́."

Ọdẹ́níran wo àbúrò rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì ti tán. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ó dára, màá lọ." Ògúnrìndé gbé ìbọn náà ti ògiri, ó kí àwọn àgbà, ó sì jáde.

Bí ilẹ̀ ti mọ́ ni Ọdẹ́níran wọ Igbó Dákẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni láti sá pamọ́ síbẹ̀, kó fi iyanrìn ha bàbà náà kó dán, kó fi okùn di èkù rẹ̀, kó sì padà wá sọ pé iwin ti tún un ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí irọ́ ṣe ń bímọ! Ṣùgbọ́n Igbó Dákẹ́ kì í ṣe ibi tí à ń sá pamọ́ sí. Ẹyẹ kò ké níbẹ̀, ewé gbígbẹ kò dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ẹkùn ń gbọ́ bí àyà òun fúnra rẹ̀ ṣe ń lù. Ó jókòó sẹ́bàá àkùrọ̀ kan, ó bu iyanrìn, ó ha bàbà náà lẹ́ẹ̀kan, ìpẹ́ ejò tí àbúrò rẹ̀ fi ojú rẹ̀ fín sì bọ́ dànù lójú rẹ̀ bí èéfọ́ ẹyin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ohùn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Má ha á mọ́. Etí ń dùn mí."

Ó yíjú. Lórí òkìtì ọ̀gán, ẹ̀dá kan jókòó tó ń bó kókò sísè. Kò ga ju ọmọ tó ń lé ewúrẹ́ lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ dé orúnkún, ojú kan rẹ̀ ti ṣú, èkejì ń ṣomi. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀! Etí méjèèjì fẹ̀ ju ewé kókò lọ, ti òsì sì wó sílẹ̀ débi pé kòkòrò ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọdẹ́níran dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. "Èmi Ọdẹ́níran, apẹkùn má fi ṣe ọdún, arógunyọ̀ ọmọ..."

"Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," ni ẹ̀dá náà wí. "Mo mọ̀ ọ́. Etíwúwo ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí wọ́n bí mi, etí mi kò ju ti ewúrẹ́ lọ. Gbogbo ìgbà tí ọdẹ kan bá jókòó ti ẹmu, tó ní òun bá iwin wọ̀jà, ló ń wú. Ìwọ nìkan ló fi èyí òsì kanlẹ̀. Orí mélòó ni mo ní lónìí?"

Ọdẹ́níran wo orí kan ṣoṣo tí ń bẹ lọ́rùn iwin náà.

Etíwúwo ní, "Wọ́n ní èmi ni mo rọ ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ. Èmi tí n kò ní ẹwìrì, tí n kò mọ orí òòlù yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní àlọ́ kan. Kí ló ń wọ iná tí kì í jóná, tó ń jẹ òòlù tí kì í kú, ṣùgbọ́n tí òógùn ọwọ́ lásán ń pa?"

"Irin ni."

"Irin kọ́."

"Ọkàn akin ni."

Iwin náà fi kókò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọkàn akin! Bàbà ni, ìwọ ọkùnrin yìí. Ó wà lọ́wọ́ rẹ. O ń gbé e kiri láti ìgbà yìí wá, o kò mọ orúkọ ohun tó ń kú lọ́wọ́ rẹ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n. "Àánú rẹ ṣe mí. Wò ó, mo lè gbà ọ́. Màá bá ọ dé ẹ̀yìn odi, màá gun orí igi, màá fi ohùn tí wọn kò gbọ́ rí sọ fún gbogbo Òkè-Ayùn pé èmi ni mo rọ ọ́, àti pé o dá mi. Wọn á fi ọ́ jẹ Olúọdẹ, irọ́ rẹ á di òtítọ́ láéláé."

"Kí lẹ máa gbà?"

"Ohun kékeré. Ìwọ náà rí i pé ojú ń yọ mí lẹ́nu. Ojú kan ló kù fún ẹni tó rọ ọ̀bẹ yẹn. Èkíní ti bá iyì rẹ lọ, kò sọ̀rọ̀. Fún mi ní èkejì. Kò ní dùn ún. Á jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, á rò pé èéfín ló fà á. Wí pé mo gbà, ó parí."

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbọ́. Ọdẹ́níran kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó gbé itọ́ mì. Láàárín ìgbà tí itọ́ ń kọjá lọ́fun rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti sọ pé, ṣebí Ògúnrìndé ní ìyàwó tó lè máa fà á lọ́wọ́. Ṣebí ó ti rọ irin tó láyé. Lẹ́yìn náà ló tó gbọ́ ohun tí ọkàn òun ń sọ. Ó sọ fún mi pé bí ilẹ̀ bá lanu lákòókò náà, òun ì bá bẹ́ sínú rẹ̀.

"Rárá!" ló ké.

Etíwúwo mi orí. "Mo gbọ́ rárá rẹ. Ṣùgbọ́n etí tó tóbi tó báyìí, ohun tó ṣáájú rárá ló kọ́kọ́ gbọ́. O ti tà á kí o tó rà á padà. Màá lọ gba ọjà mi, tìrẹ ni màá fi ṣe èènì." Ó fò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀gán, ó na ọwọ́ tó gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó dì í lọ́rùn mú.

Ọdẹ́níran fi ọ̀bẹ gún un. Òrùka bàbà tó yẹ kó di igi àti irin mú ti jẹra tán lábẹ́ àwọ̀ ewé náà. Ó là, èkù pín sí méjì, irin fò jáde, ó ya Ọdẹ́níran fúnra rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ kó tó bọ́ sílẹ̀. Àbọ̀ èkù ló kù lọ́wọ́ apẹkùn. Etíwúwo wo àbọ̀ èkù náà, ẹ̀rín gbé e débi pé ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni Ọdẹ́níran fi là. Ó ṣa irin àti òrùka nílẹ̀, ó gbá wọn mọ́ àyà, ó ki eré mọ́lẹ̀. Akin tí ẹkùn ń yà fún ń sá fún ẹ̀dá tí kò ga dé ìbàdí rẹ̀! Ó rí igi àràbà kan tó ní ihò, ó kó sínú rẹ̀ láì wo ẹni tó ni ilé. Oyin ló ni ín. Wọ́n bò ó lójú, wọ́n bò ó lọ́rùn, kò sì lè jáde, nítorí Etíwúwo ti dé. Iwin náà ki orí bọ inú ihò, etí ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bí oyin tó ń bínú bá rí ihò méjì mìíràn tó fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, kí ni yóò ṣe? Igbe tí Etíwúwo ké lọ́jọ́ náà ni ariwo àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú Igbó Dákẹ́. Ó ń gbá etí rẹ̀ mọ́ igi, ó ń ké, ó sì sá wọ inú àkùrọ̀ lọ, kò sì wá gba ojú kankan mọ́.

Ọ̀sán gangan ni Ọdẹ́níran dé etí odò Ayùn. Ojú rẹ̀ ti wú bí iṣu ewùrà, àwọn obìnrin tó ń pọnmi sá fún un. Kò lọ sílé. Àgbẹ̀dẹ ló gbà lọ. Abẹ̀bí ń yan àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó títí kó tó dá a mọ̀, kò sì dìde.

"Ọkọ mi, ta lẹ wá wò?" ó béèrè. "Iwin kò gbé ibí yìí o. Ọkùnrin olójú kan ló ń gbé ibí."

Ọdẹ́níran tẹrí ba wọlé. Bó ti rí àbúrò rẹ̀ nídìí ẹwìrì, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ògúnrìndé fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ gbé e dúró. "Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Ṣé ẹ tún fẹ́ fi ìyẹn kún ẹrù mi ni?"

Ọdẹ́níran kó irin àti òrùka tó là lé orí òkúta. Ó sọ gbogbo rẹ̀, àti ti iyanrìn, àti ti àlọ́. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ojú, ì bá fò ó, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ó sọ ọ́.

Ògúnrìndé dá ẹwìrì dúró. "Ó pẹ́ kí ẹ tó ní rárá?"

"Bí ìgbà tí ènìyàn gbé itọ́ mì."

Àbúrò rẹ̀ mú òrùka náà, ó fi àtàǹpàkò wá ìpẹ́ ejò tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pa irọ́ yẹn, mo wà lẹ́yìn ògiri. Mo gbé àdá wá fún àwọn àlejò. Mi ò bínú. Ojú ló tì mí nítorí yín, bí ẹni rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níhòòhò láàárín ọjà. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí ẹ má baà mọ̀ pé mo rí yín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá yín ru ìtìjú yín. Ó wúwo. Ẹ wá gbé e."

Ọdẹ́níran gbé e. Ó padà sínú ìlú pẹ̀lú ojú wíwú yẹn, ó dúró níwájú gbogbo wa, ó sì dárúkọ ẹni tó rọ ọ̀bẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín kọ́ ló dùn ún jù. Bí Aṣípa ṣe yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, bí ẹni tí kò fẹ́ rí i. A fi ẹlòmíràn jẹ Olúọdẹ. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ògúnrìndé kó wá gbọ́ ìyìn lẹ́nu wa, ó ní òun ní irin nínú iná.

Ọdẹ́níran ń lọ sí àgbẹ̀dẹ láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sẹ́ni tó lé e. Ó ń fẹ́ ẹwìrì, ó ń yọ́ ìda oyin, ó ń fi pa bàbà ọ̀bẹ oníbàárà, kò sì mẹ́nu kan ẹkùn. Abẹ̀bí kì í bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé àwo oúnjẹ kan ṣoṣo sáàárín ọkọ rẹ̀ àti Ọdẹ́níran, ó sì yíjú lọ. Wọ́n ń jẹun. Ògúnrìndé na ọwọ́ òsì wá omi, ọwọ́ rẹ̀ ń wá a kiri nílẹ̀, ó kọjá lára igbá, ó tún padà. Ọdẹ́níran dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ti bá ọmọ ìyá rẹ̀ jẹun láti ìgbà tí ojú náà ti fọ́, kò rí i rí pé bó ṣe ń wá omi nìyẹn. Orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ó rọra gbé igbá omi náà, ó yí i ká, ó gbé e sí apá ọ̀tún, níbi tí ojú kan tó kù yóò ti rí i.

Ògúnrìndé wo igbá náà. Ó gbé e, ó sì mu.

Ibẹ̀ ni mo bá wọn dé. Kí ẹni tó bá ní ọmọ ìyá lálẹ́ òní lọ kí i.